Gbígbẹ́ ère lórí kọ̀ǹpútà fún ẹ̀rọ CNC: ìtọ́sọ́nà fún oníṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo

Kò sí ẹni tó mọ Òṣogbo tí kò mọ̀ pé ìlú ère ni. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005, kún fún iṣẹ́ Susanne Wenger àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́: Adébísí Àkànjí tó fi sìmẹ́ńtì mọ ère, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó gbẹ́ òkúta, àti Kásálì Àkàngbé tó gbẹ́ igi. Síbẹ̀, láti ìgbà tí ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ ìgbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, kìnnìún, òdòdó rósì àti èso àjàrà ni a sábà máa ń rí lára ilẹ̀kùn àti orí bẹ́ẹ̀dì tó ń jáde níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn oníbàárà kọ ère ilé wa. Fáìlì tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ lókè òkun ni káfíńtà rà, tàbí èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó bá sì wà nínú fáìlì náà ni ẹ̀rọ yóò gbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ gbẹ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò lọ́kàn ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti pé kò ní san kọ́bọ̀ lórí sọ́fíwíà kankan tí a dárúkọ gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí.

Iṣẹ́ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni pákó ilẹ̀kùn kékeré kan tó fẹ̀ ní 160 mm, tó ga ní 240 mm, tí ojú obìnrin tó wé gèlè wà lára rẹ̀, tí ọnà náà kò sì jìn ju 12 mm lọ. Mo yan ìwọ̀n yìí nítorí pé ó gba orí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní 3018, èyí tí àyè iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 300 mm sí 180 mm. Ẹni tí ẹ̀rọ tirẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lè fẹ iṣẹ́ náà lójú.

Òkè ni bíìtì ti ń wá

Kí ẹ tó ṣí sọ́fíwíà kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ láàárín wa ń lọ sọ́tùn-ún àti sósì, ó ń lọ síwájú àti sẹ́yìn, ó sì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bíìtì rẹ̀, ìyẹn irin mímú tó ń yí tó sì ń gbẹ́ igi, kì í dẹ̀gbẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà lè yí igi po lọ́wọ́, kí ó ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ àgbọ̀n, kí ó sì gbẹ́ ẹ̀yìn etí. Ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibikíbi tí ojú kò bá lè rí láti òkè tààrà, bíìtì kò lè dé ibẹ̀, ògiri tó dúró ṣánṣán ni yóò sì fi rọ́pò rẹ̀. Sọ́fíwíà kò ní kìlọ̀ fún yín, nítorí òun kò mọ̀ bóyá igi ni ẹ ń ṣe tàbí àwòrán fíìmù. Ó máa jẹ́ kí ẹ gbẹ́ ihò imú tó wọlé lọ jìnnà, yóò sì dára lójú kọ̀ǹpútà.

Ààlà kejì ni ìwọ̀n bíìtì. Bíìtì olórí róbótó tó jẹ́ 3 mm kò lè wọ inú ilà tó fẹ̀ ní 1 mm dé ìsàlẹ̀, bó ti wù kí ilà náà hàn kedere tó lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ilà pélé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin yìí, yálà kí ẹ jẹ́ kí ilà náà fẹ̀ ju 3 mm lọ, èyí tí yóò burú lójú kékeré báyìí, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀bẹ. Èmi yóò fi í sílẹ̀ fún ọ̀bẹ.

Sọ́fíwíà wo ni kí ẹ mú?

Ẹni tí kò tíì gbẹ́ ohunkóhun lórí kọ̀ǹpútà rí, SculptGL ni kí ó kọ́kọ́ dán wò. Stéphane Ginier ló ṣe é, inú ìwò íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Chrome tàbí Firefox, ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sí ohun tí a ń fi sórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ óo rí bọ́ọ̀lù kan tí ẹ lè máa fà, kí ẹ máa tẹ̀, kí ẹ sì máa kó amọ̀ lé, ó sì lè gbé STL jáde, èyí tí í ṣe irú fáìlì tí ẹ̀rọ wa nílò. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo tó le ni pé bí ojú ewé náà bá tì, iṣẹ́ tí ẹ kò tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn. Ẹ máa fi iṣẹ́ pamọ́ lóòrèkóòrè, pàápàá bí bátìrì láptọ́ọ̀pù yín kò bá gbé iná dúró mọ́. Ẹni kan náà ló ṣe Nomad Sculpt tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìyẹn ń gba owó.

Blender ni irinṣẹ́ gidi fún iṣẹ́ yìí. Láti 2002 ni wọ́n ti tú kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, lẹ́yìn tí àwọn tó ń lò ó dá 100,000 yúrò jọ láti rà á padà. Ẹ lè fi ṣe iṣẹ́ owó láìsan ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ó wúwo láti gbà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lé ní 300 MB, àwọn ẹ̀dà ìsinsìnyí sì ń béèrè RAM 8 GB ó kéré tán. Bí láptọ́ọ̀pù yín bá ti dàgbà, ẹ má ṣe kó ẹ̀dà tuntun bò ó mọ́lẹ̀; àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà lórí ìkànnì Blender fúnra rẹ̀, ẹ̀dà 2.79 sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀dà tuntun kò ní ṣí rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn bọ́tìnì rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mo ṣàlàyé nísàlẹ̀. Ẹ ó tún gbọ́ orúkọ Sculptris àti Meshmixer lẹ́nu àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Àwọn tó ni wọ́n ti pa wọ́n tì, kò sì sí ìdí tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí fi máa lọ kọ́ wọn.

Ẹ ra máòsì oníwáyà. Pátákó ìfọwọ́ra láptọ́ọ̀pù kò ṣeé fi gbẹ́ ère.

Mímọ ojú náà ní Blender

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ wa kì í bẹ̀rẹ̀ ère láti ìpéǹpéjú. Ọnà-lílé ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe, níbi tí wọ́n ti ń la igi sí orí, ọrùn àti ara. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, níbi tí imú, ojú àti etí ti ń yọrí láti inú ohun ńlá. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí ojú ère ń di kíkúnná. Fínfín ló kẹ́yìn, ìyẹn ilà, irun àti gbogbo ọnà wẹ́wẹ́. Mi ò tíì rí ètò tó bá sọ́fíwíà ìgbẹ́re mu tó èyí. Ẹni tó bá fo ọnà-lílé lórí kọ̀ǹpútà, tó ń lọ ya ìpéǹpéjú sórí bọ́ọ̀lù, yóò bà á jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fo o lára igi ṣe ń ṣe.

Ẹ ṣí Blender, ẹ lọ sí File, New, kí ẹ yan Sculpting. Bọ́ọ̀lù kan yóò yọ. Lẹ́tà F ni ẹ fi ń sọ bírọ́ọ̀ṣì, ìyẹn irinṣẹ́ tí ẹ ń fi máòsì gbẹ́ ère náà, di ńlá tàbí kékeré, Shift pẹ̀lú F ni fún agbára rẹ̀. Bí ẹ bá di Ctrl mú nígbà tí ẹ ń gbẹ́, ohun tó ń wú yóò máa jìn. Bí ẹ bá di Shift mú, yóò máa dán. Pẹ̀lú bọ́tìnì mẹ́rin yìí nìkan, ẹ lè ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Fún ọnà-lílé, bírọ́ọ̀ṣì Grab ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jẹ́ kó tóbi. Ẹ fa bọ́ọ̀lù náà títí yóò fi di orí tó gùn, tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ. Ẹ rí i pé ìbádọ́gba apá X wà ní títàn, kí ohun tí ẹ bá ṣe sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lè máa ṣẹlẹ̀ sí ti òsì. Bí ẹ ti ń fà á, àwọ̀n tí bọ́ọ̀lù náà fi ara rẹ̀ hun yóò máa nà, yóò sì di gànràngànràn níbìkan. Ctrl pẹ̀lú R ni ẹ ó fi tún un hun lọ́gbọọgba. Ìwọ̀n tí ẹ ń fún un nínú Voxel Size ló ń sọ bí àwọ̀n náà yóò ṣe kúnná tó. Ẹ jẹ́ kó tóbi níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa dín in kù bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹni tó bá dín in kù jù lójijì yóò rí i pé kọ̀ǹpútà dákẹ́ gbọ́ọ́.

Fún àlétúnlé, ẹ mú Clay Strips, èyí tó ń lẹ nǹkan mọ́ ojú ère ní ìpele ìpele. Ẹ fi í kó imú, ètè àti ìpéǹpéjú. Ibí yìí ni mo ti rò pé ó yẹ kí àwa ará Òṣogbo tẹ́tí sí ara wa. Àwọn fídíò tó ń kọ́ni ní Blender máa ń lépa ojú tó jọ ti ènìyàn gan-an, títí dé ihò ara. Pákó tó jìn ní 12 mm kò nílò ìyẹn, ó sì máa ń sọ ère di ẹlẹgẹ́ tí kò ṣeé wò láti iwájú ìta. Ojú tó yọ síta, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ nípọn, ètè tó dúró lọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí a ti ń rí i lára ère àtijọ́, yóò gba iná àti òjìji dáadáa lára ilẹ̀kùn, bíìtì 3 mm yóò sì lè gbẹ́ ẹ láìṣòro.

Gèlè ni kí ẹ ṣe kẹ́yìn, ẹ sì pa ìbádọ́gba X kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí gèlè tó bá dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì kò jọ gèlè. Bírọ́ọ̀ṣì Crease ló ń ṣe ìṣẹ́po aṣọ: ẹ fi í ya kòtò, kí ẹ wá fi Ctrl ya òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún tó gbòòrò ṣe iṣẹ́ ju ogún wẹ́wẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ń wo ère ẹlòmíràn ṣe tiyín, pàápàá ère gbẹ́nàgbẹ́nà tó ṣì wà láyé, ẹ lọ bá a kí ẹ tó ṣe é. Ó rọrùn láti ya fọ́tò ère yíká, kí sọ́fíwíà sì sọ ọ́ di fáìlì, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọwọ́ ẹni kan ni.

Títẹ ère náà pẹlẹbẹ

Ojú tí ẹ ṣe yìí ṣì nípọn bí orí ènìyàn. Ẹ padà sí Object Mode, ẹ tẹ lẹ́tà N kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn, kí ẹ sì gbà pé ẹyọ 1 ní Blender dúró fún 1 mm, nítorí fáìlì STL kì í gbé orúkọ ìwọ̀n kankan dání. Ẹ dùbúlẹ̀ ojú náà kí imú rẹ̀ kọjú sókè, ẹ fún un ní ìbú 130 àti gígùn 210, kí ẹ wá tẹ gíga rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ìdajì iwájú rẹ̀, èyí tí yóò yọ lókè pákó, yóò fi jẹ́ 12. Ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú A, kí ẹ yan Scale.

Ẹ ó rí i pé imú ti rọ, ètè sì ti parẹ́ sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó ṣe ń rí nìyẹn. Ẹ padà sí Sculpt Mode, kí ẹ fi Clay Strips gbé wọn sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fi Crease jin etí ìpéǹpéjú. Iṣẹ́ tó ń fi ọlọ́wọ́ ire hàn ni èyí; ẹni tó bá tẹ ère pẹlẹbẹ tí kò padà gbẹ́ ẹ yóò rí ojú tó dà bí ẹni tí ọkọ̀ gùn kọjá.

Títẹ̀ pẹlẹbẹ kò sì yanjú ọ̀rọ̀ ibi tí bíìtì kò lè dé. Ihò imú tó wọ abẹ́ kí a tó tẹ̀ ẹ́ yóò ṣì wọ abẹ́ lẹ́yìn tí a tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀ ni kí ẹ mú àwọ̀n tuntun kan, kí ẹ jẹ́ kó ti òkè bọ́ sórí ère náà. Ẹ kọ́kọ́ fi Cube ṣe pákó pẹlẹbẹ kan tó tóbi díẹ̀ ju 160 sí 240 lọ, ẹ rì ojú náà sínú rẹ̀ títí dé ìdajì, kí ẹ so àwọn méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú Ctrl àti J. Ẹ wá fi Add, Mesh, Grid pe àwọ̀n tuntun, kí ẹ fún un ní 320 lápá kan àti 480 lápá kejì, kí ẹ sọ ọ́ di 160 sí 240, kí ẹ sì gbé e sókè orí ère. Ẹ fún un ní modifier (àṣẹ tó ń yí ìrísí nǹkan padà) tó ń jẹ́ Shrinkwrap, ẹ yan ère gẹ́gẹ́ bíi Target, Project gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà, Z, ìyẹn òkè sí ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí apá, kí ẹ tan Negative kí ẹ sì pa Positive. Àwọ̀n náà yóò bọ́ sílẹ̀ tààrà, yóò sì gbé ohun tí ó bá kọ́kọ́ pàdé nìkan. Ohun tí ẹ bá rí lára rẹ̀ nísinsìnyí ni bíìtì yóò rí.

Àwọ̀n 320 sí 480 túmọ̀ sí pé ojú kan àti èkejì jìnnà sí ara wọn ní 0.5 mm. Ó ní onígun mẹ́ta 307,200, bẹ́ẹ̀ STL ń gba báìtì 50 fún onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, nítorí náà fáìlì yín yóò tó 15 MB. Láptọ́ọ̀pù kékeré lè gbé e. Fáìlì tó ní àràádọ́ta ọ̀kẹ́ onígun mẹ́ta kò ní fi ohunkóhun kún igi tí bíìtì 3 mm fẹ́ gbẹ́. Ẹ fìdí modifier náà múlẹ̀, ẹ lọ sí Edit Mode kí ẹ fa etí àwọ̀n náà sísàlẹ̀ ní 8 mm, kí ẹ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá gbé e jáde gẹ́gẹ́ bíi STL.

Láti STL dé ojú ọ̀nà bíìtì

Kiri:Moto ni mo máa ń dámọ̀ràn fún èyí, nítorí ọ̀fẹ́ ni, inú ìwò íntánẹ́ẹ̀tì ló sì wà pẹ̀lú. Ẹ gbé e sí ipò CNC, kí ẹ kó STL sínú rẹ̀, kí ẹ sì yan irú ẹ̀rọ tí ẹ ní. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kékeré ló ń lo GRBL, ètò inú ẹ̀rọ tó ń darí àwọn mọ́tò rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni ẹ ó fún un, ẹ sì jẹ́ kí fáìlì wọn yàtọ̀ síra.

Ti àkọ́kọ́ ni Rough, èyí tí í ṣe ọnà-lílé ẹ̀rọ. Bíìtì olórí pẹrẹsẹ 6 mm ni kó lò, kó máa jìn díẹ̀díẹ̀ lórí ẹ̀rọ kékeré, kó sì fi 0.5 mm sílẹ̀ lára igi fún ìgbà kejì. Ti ìkejì ni Contour, ìgbẹ́ ìparí tó ń tẹ̀ lé ojú ère, pẹ̀lú bíìtì olórí róbótó 3 mm. Ìbéèrè tó ń jẹ owó àti àkókò níbẹ̀ ni bí ìlà kan yóò ṣe jìnnà sí èkejì tó. Bí ẹ bá fún un ní 0.3 mm, ìlà 533 ni yóò rìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 240 mm, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 128. Lórí ẹ̀rọ tó ń rin 1,000 mm ní ìṣẹ́jú kan, ó lé ní wákàtí méjì. Bí ẹ bá fún un ní 0.6 mm, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Òkè tó ń kù láàárín ìlà méjì lójú ibi tó tẹ́jú jẹ́ nǹkan bí 0.008 mm ní ti àkọ́kọ́, àti 0.03 mm ní ti ìkejì. Sáńpépà yóò jẹ méjèèjì tán, nítorí náà mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa lo wákàtí kejì yẹn àfi bí ẹ kò bá ní fọwọ́ kàn án mọ́ rárá.

Kí ẹ tó gbé fáìlì lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ẹ wò ó nínú CAMotics, sọ́fíwíà ọ̀fẹ́ tó ń fi hàn bí bíìtì yóò ṣe rìn àti bí igi yóò ṣe rí. Bíìtì tó bá fẹ́ gba àárín imú kọjá, ibẹ̀ ni kí ẹ ti rí i.

Igi àti iná

Ẹ má fi ìrókò bẹ̀rẹ̀. Òkúta ẹfun kéékèèké máa ń wà nínú ìrókò nígbà mìíràn, wọ́n sì lè ba ẹnu bíìtì jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Eruku rẹ̀ pẹ̀lú ń yún ara, ó sì ń dí èémí. Ọmọ, igi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń gbẹ́ ìlù, rọ̀, ó sì ń gbà fún bíìtì. Igi yòówù kí ẹ mú láti ilé ìlagi, kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ, nítorí pákó tútù yóò ká lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbẹ́ ìhà kan rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ jẹ́ kí ó nípọn ní 20 mm: 12 mm fún ọnà, 8 mm fún ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ iṣẹ́ náà sára fóòmù líle tàbí igi tí kò níyelórí.

Iná ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹ̀rọ kékeré tí iná lọ lórí rẹ̀ máa ń gbàgbé ibi tó dúró sí, bí iná bá sì dé tí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ, yóò gbẹ́ imú síbi tí ètè wà. Bí ínfátà bá wà, ẹ so láptọ́ọ̀pù àti ẹ̀rọ mọ́ ọn. Bí kò bá sí, ẹ fi píńsù kọ àmì sí igun igi tí ẹ fi ṣe òdo, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwọ̀n, kí ẹ lè dá bíìtì padà síbẹ̀, kí ẹ sì pín Contour sí fáìlì méjì, ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀, kí iná tó bá lọ má baà ba odindi jẹ́. Ẹ pa oorun láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà tó sùn láàárín iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí iná tó lọ.

Ẹ fi kíláàǹpù di igi mọ́lẹ̀ níbi tí bíìtì kò ní dé. Ẹ sọ bíìtì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí bébà tí ẹ tẹ́ sórí igi, títí bébà náà kò fi ní lè yí mọ́: ibẹ̀ ni òdo ti Z. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ rìn lókè igi, kí ó má kàn án, kí ẹ lè mọ̀ pé kò ní já sí kíláàǹpù. Ẹ bo imú àti ojú kí ẹ tó tan mọ́tò, kí ẹ má sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ra oúnjẹ.

Ohun tó kù fún ọwọ́

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá parí, ẹ ó rí irun igi tó dúró láwọn ibi tí bíìtì ti gba ìlòdì sí ọ̀nà igi, pàápàá lábẹ́ àgbọ̀n àti ní ìṣẹ́po gèlè. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú bó o kí ẹ tó fi sáńpépà kàn án, nítorí sáńpépà nìkan yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òróró ìpagi yóò sì gbé e dìde padà. Lẹ́yìn dídán ni kí ẹ wá kọ ilà pélé, ìlà irun iwájú orí àti ìlà etí ìpéǹpéjú. Ọ̀bẹ ló ń fún wọn ní ẹnu mímú tí bíìtì róbótó kò lè fún wọn.

Bí ilẹ̀kùn náà bá jẹ́ aláwẹ́ méjì, oníbàárà yóò fẹ́ kí gèlè àwọn obìnrin méjèèjì tẹ̀ sí ara wọn. Ẹ má tún un gbẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí fáìlì Blender, ẹ yan pákó náà, ẹ tẹ S, X, kí ẹ kọ -1, kí ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú A fún Scale, kí ẹ wọ Edit Mode, kí ẹ yan gbogbo rẹ̀, kí ẹ tẹ Shift pẹ̀lú N kí ojú àwọ̀n náà lè kọ síta, kí ẹ wá gbé STL kejì jáde pẹ̀lú orúkọ tó yàtọ̀.